Ìbéèrè Òǹkàwé: Ìwé Wà Lọ́wọ́, Ilẹ̀ Bọ́ Lọ́wọ́

Àlàyé tí a ṣe lórí titre foncier, ìyẹn ìwé onílẹ̀ tí ìjọba ń fún ènìyàn, nínú ìwé ìròyìn yìí ti mú kí ọ̀pọ̀ òǹkàwé máa béèrè bí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe gbé ọ̀ràn ilẹ̀ tiwọn kalẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ ìlú dó. Mẹ́rin nínú àwọn lẹ́tà náà dá lórí Amẹ́ríkà, a sì pa wọ́n pọ̀ síhìn-ín nítorí pé ìdáhùn ọ̀kan ń la ọ̀nà fún ti èkejì.

Lẹ́tà láti Kétu

«Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó ń kọ́ iṣẹ́ awọnlẹ̀, èyí tí a ń pè ní géomètre níbí, sọ fún mi pé ọdẹ kan wà ní Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Daniel Boone, tí ó ṣáájú àwọn ènìyàn wọ igbó Kentucky, tí òun fúnra rẹ̀ sì máa ń wọn ilẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n tí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ níkẹyìn. Báwo ni ìwé ìjọba ṣe lè wà lọ́wọ́ ènìyàn kí ilẹ̀ sì tún lọ? Ní tiwa, pèrègún ni bàbá wa gbìn sí ààlà oko. A kò ní ìwé kankan, síbẹ̀ a mọ ibi tí oko wa parí sí. Èmi ni, àgbẹ̀ kan ní Kétu.»

Bàbá wa, ẹ kú oko o. Òótọ́ ni ọmọ yín sọ. Boone ṣe igbákejì awọnlẹ̀ ní àgbègbè Fayette ní nǹkan bí ọdún 1782 sí 1783, ó sì forúkọ sílẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún éékà (éékà kan kò tó ìdajì hẹ́kítà), ṣùgbọ́n kí ọ̀rúndún náà tó parí, ẹjọ́ àti gbèsè ti gba èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú wọn. Kì í ṣe pé ìwé rẹ̀ jẹ́ ayédèrú. Ètò tí wọ́n fi ń pín ilẹ̀ náà gan-an ni ó dá wàhálà sílẹ̀, ó sì yẹ kí a tú u wò dáadáa, nítorí pé ohun tí ó bà á jẹ́ lè ba ti ibikíbi jẹ́.

Abẹ́ ìpínlẹ̀ Virginia ni Kentucky wà nígbà náà. Ní ọdún 1779, àwọn aṣòfin Virginia ṣe òfin pé ẹni tí ó bá ti tẹ̀dó sínú igbó náà kí ọdún 1778 tó wọlé, tí ó ti gbé ibẹ̀ fún ọdún kan tàbí tí ó ti gbin àgbàdo tí ó sì kórè rẹ̀, ní ẹ̀tọ́ sí 400 éékà, àti pé òun ni yóò kọ́kọ́ ní àǹfààní láti ra 1,000 éékà mìíràn tí ó bá ti àkọ́kọ́ pààlà. Àwọn ọmọ ogun Virginia ń gba tiwọn gẹ́gẹ́ bí ipò wọn nínú ogun ti rí. Àwọn yòókù, yálà wọ́n ti fojú kan igbó náà rí tàbí wọn kò tíì fojú kàn án, lè fi owó ra ìwé àṣẹ ní 40 pọ́n-ùn owó bébà fún 100 éékà. Bẹ́ẹ̀, owó bébà náà ń já wálẹ̀ lójoojúmọ́ nítorí ogun òmìnira tí wọ́n ń jà, nítorí náà àwọn olówó tí wọ́n jókòó sí ìlú ńlá ra ìwé àṣẹ lọ́pọ̀ yanturu, wọ́n sì ń fi í ṣòwò.

Ìwé àṣẹ yìí kò dárúkọ ilẹ̀ kankan, ibẹ̀ sì ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó sọ kò ju pé ẹni tí ó mú un dání lẹ́tọ̀ọ́ sí iye éékà báyìí, níbikíbi tí ẹlòmíràn kò bá tíì gbà. Ẹni náà ni yóò wá ilẹ̀ fúnra rẹ̀, tàbí kí ó bẹ ẹni tí ó mọ igbó lọ́wẹ̀, èyí tí í ṣe iṣẹ́ tí Boone ń jẹ. Lẹ́yìn náà yóò lọ sí ọ́fíìsì awọnlẹ̀ àgbègbè láti kọ àpèjúwe ilẹ̀ náà sínú ìwé ńlá, awọnlẹ̀ yóò lọ wọ̀n ọ́n, yóò ya àwòrán rẹ̀, a ó sì fi àwòrán náà ránṣẹ́ kọjá àwọn òkè Appalachia sí ọ́fíìsì ilẹ̀ ní olú-ìlú Virginia, kí gómìnà tó wá fọwọ́ sí ìwé onílẹ̀ gan-an. Ọ̀pọ̀ ọdún lè kọjá láàárín ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ àti èyí tó kẹ́yìn. Nínú gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ tí ìwé náà gba ọwọ́ wọn kọjá, kò sí ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbé àwòrán ilẹ̀ kan lé orí òmíràn kí ó lè mọ̀ bóyá wọ́n forí gbárí.

Irú àpèjúwe tí wọ́n ń kọ kò sì ran ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́. Wọn a ní kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìdí igi óákù funfun méjì létí odò kékeré kan, kí a lọ sí ìhà àríwá títí dé orí òkè, kí a ya sí ọwọ́ ọ̀tún títí dé ibi tí ẹranko ti ń lá iyọ̀. Ẹni tí ó kọ ọ́ mọ igi tí ó ń wí, ṣùgbọ́n igi óákù kún igbó náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, odò kan sì lè ní orúkọ mẹ́ta lẹ́nu ọdẹ mẹ́ta.

Báyìí ni àwọn ìwé ilẹ̀ Kentucky ṣe gun orí ara wọn bí koríko bẹẹrẹ lórí òrùlé. Ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè dúró lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo, kí olúkúlùkù wọn mú ìwé tí gómìnà fọwọ́ sí dání, kí gbogbo ìwé náà sì jẹ́ ojúlówó. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, ẹni tí àpèjúwe rẹ̀ kọ́kọ́ wọ ìwé ńlá ni ó ń borí, bí àpèjúwe náà bá ṣe pàtó tó tí aládùúgbò lè fi wá ilẹ̀ náà rí. Bí kò bá ṣe pàtó, ó ṣubú, ẹni tí ó dé kẹ́yìn yóò sì kó ilẹ̀ náà lọ pẹ̀lú ilé àti ọgbà tí ẹni àkọ́kọ́ ti fi òógùn kọ́. Kí kóòtù lè mọ ọdún tí ààlà kan dáyé, wọ́n máa ń gé ibi tí awọnlẹ̀ fi àáké sá lára igi jáde, wọn a sì ka àwọn òrùka tí igi náà ti hù bo ojú ọgbẹ́ náà, nítorí pé òrùka kan ni igi ń ní lọ́dọọdún ní ilẹ̀ olótùútù. Ẹ wò ó, bàbá wa, igi ni wọ́n padà wá bi léèrè nígbà tí ìwé kò lè fọhùn.

Àwọn tí kò lówó agbẹjọ́rò ni ọ̀rọ̀ náà dùn jù lọ. Abraham Lincoln, tí ó wá di ààrẹ Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ pé ìnira ìwé ilẹ̀ ni olórí ohun tí ó lé Thomas bàbá òun kúrò ní Kentucky lọ sí Indiana ní ọdún 1816, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀ràn oko ẹrú wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Boone ní tirẹ̀ ti kó lọ sí Missouri láti ọdún 1799, nígbà tí ibẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ọba Sípéènì. Wọ́n fún un ní ilẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò parí gbogbo ètò ìwé rẹ̀. Nígbà tí Amẹ́ríkà ra Louisiana lọ́wọ́ Faransé ní ọdún 1803, tí Missouri sì bá a lọ, ìgbìmọ̀ tí ń yẹ ìwé àtijọ́ wò kọ tirẹ̀. Ọdún 1814 ni Ilé Aṣòfin Amẹ́ríkà tó dá apá kan padà fún un, nígbà tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹni ọgọ́rin ọdún.

Ní ti oko yín, pèrègún yín ní ohun kan tí ìwé Boone kò ní: àwọn tí ẹ bá pààlà mọ ìgbà tí a gbìn ín, wọ́n sì lè jẹ́rìí sí i. Síbẹ̀, n kò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ dúró síbẹ̀. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti oṣù kẹjọ ọdún 2013, tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2017, titre foncier ni ìjọba ń wò nígbà tí ìjà bá dé. Ẹ pe gbogbo àwọn aládùúgbò yín jọ nígbà tí àwọn àgbà tó mọ ààlà ṣì wà láàyè, kí ẹ jọ rìn ín yíká, kí awọnlẹ̀ sì wọ̀n ọ́n lójú gbogbo yín kí ẹ tó lọ tọrọ ìwé. Kentucky ìbá má rí wàhálà tí ó rí bí wọ́n bá ti fi ìrìn yẹn ṣáájú.

Lẹ́tà láti Àjàṣẹ́

«Ẹ kú iṣẹ́, olóòtú wa. Olùkọ́ ìṣirò ni mí. Mo rí àwòrán oko Amẹ́ríkà tí wọ́n yà láti inú ọkọ̀ òfuurufú. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́rin tó dọ́gba, ọ̀nà rẹ̀ sì gún tààrà bí ojú ti lè rí i dé. Ṣé àwọn awọnlẹ̀ ìgbà àtijọ́ náà ni wọ́n ṣe é? Irinṣẹ́ wo ni wọ́n lò?»

Ìyá wa olùkọ́, àwọn náà ni. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà rí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní gúúsù odò Ohio, níbi tí Kentucky wà, wọ́n sì pinnu pé ti àríwá odò náà kò ní rí bẹ́ẹ̀. Thomas Jefferson, tí òun náà wá di ààrẹ, ni ó ṣe olórí ìgbìmọ̀ tí ó kọ́kọ́ gbé àbá kalẹ̀ ní ọdún 1784, òfin náà sì jáde ní 20 oṣù karùn-ún ọdún 1785. Gbogbo agbára rẹ̀ wà nínú ètò ohun tí ó ṣáájú: a ó kọ́kọ́ wọn ilẹ̀, a ó fi àmì sí igun rẹ̀, a ó fún un ní nọ́ńbà, kí ẹnikẹ́ni tó lè rà á. Ìlà kan lọ láti gúúsù sí àríwá, òmíràn láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, títí tí wọ́n fi pín ilẹ̀ sí onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan gùn ní máìlì 6. Wọ́n tún pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà 36, èyí tí ó fún ìpín kọ̀ọ̀kan ní máìlì kan lóròó àti níbùú, èyíinì ni 640 éékà, tàbí nǹkan bí 259 hẹ́kítà. Wọ́n ya ìpín kẹrìndínlógún sọ́tọ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ ìlú náà. Inú mi dùn láti sọ èyí fún olùkọ́, nítorí pé kò pọ̀ nínú àwọn òfin ilẹ̀ ìgbà náà tí ó rántí ọmọ iléèwé kí ìlú tó wà.

Thomas Hutchins ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1785, létí odò Ohio níbi tí ìpínlẹ̀ Pennsylvania parí sí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dáwọ́ dúró nítorí ìbẹ̀rù ogun àwọn onílẹ̀, èyíinì ni àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà tí a ó sọ̀rọ̀ wọn nísàlẹ̀, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sì tó padà síbẹ̀.

Ẹ̀wọ̀n ni olórí irinṣẹ́ wọn. Edmund Gunter, onímọ̀ ìṣirò ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ṣètò rẹ̀ ní ọdún 1620. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 66, èyí tí ó ju 20 mítà lọ díẹ̀, oríkèé rẹ̀ sì jẹ́ 100. Ó lè jọ pé 66 kò ní ìdí, ṣùgbọ́n ẹ bá àwọn ọmọ yín ṣírò rẹ̀: 80 ẹ̀wọ̀n ni máìlì kan, ilẹ̀ tí ó gùn ní ẹ̀wọ̀n 10 tí ó sì fẹ̀ ní ẹ̀wọ̀n kan sì jẹ́ éékà kan gééré. Nítorí pé oríkèé rẹ̀ jẹ́ 100, awọnlẹ̀ lè ṣe ìṣirò rẹ̀ ní ìdá mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí ó sì sún àmì nọ́ńbà sẹ́yìn láti dé orí éékà. Ènìyàn méjì ni ń fa ẹ̀wọ̀n náà, wọ́n sì ń búra kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni iwájú ń gún irin kékeré mọ́lẹ̀ níbi tí ẹ̀wọ̀n bá na dé, ẹni ẹ̀yìn sì ń ṣà á, kí wọ́n má bàa ṣi iye rẹ̀ kà. Ẹni tó mú àáké dání ń lọ níwájú láti la igbó, ó sì ń sá àmì sára igi. Bí wọ́n bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, wọ́n ní láti gbé ẹ̀wọ̀n sókè kí ó tẹ́jú, nítorí pé ẹni tí ó bá tẹ́ ẹ sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yóò ka iye tí ó ju ti ilẹ̀ náà lọ.

Kọ́ńpáàsì ni ó ń tọ́ ojú ọ̀nà wọn, àṣìṣe tí kì í hàn sì ti ibẹ̀ wọlé. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í kọjú sí àríwá gan-an, iye tí ó sì fi ń yà ń yí padà bí ọdún ti ń lọ. Bí ènìyàn bá fi ìwọ̀n digíríì kan ṣoṣo yà kúrò lójú ìlà, nígbà tí ó bá fi rìn tó máìlì kan, ó ti fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 92 ṣìnà, èyí tí ó tó 28 mítà. Àyè ilé kan pẹ̀lú àgbàlá rẹ̀ ni ìyẹn ní Àjàṣẹ́ wa.

Iye owó ilẹ̀ náà kò ran tálákà lọ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Dọ́là kan ni éékà kan ní ọdún 1785, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ ra ìpín kan gbọ́dọ̀ gba gbogbo 640 éékà náà, àgbẹ̀ mélòó sì ni ó ní 640 dọ́là? Ní ọdún 1796 wọ́n tilẹ̀ sọ ọ́ di dọ́là méjì. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, títí tí òfin ọdún 1820 fi gbà pé kí ènìyàn ra 80 éékà ní dọ́là 1.25 fún éékà kan, èyí tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 100 dọ́là, lówó lọ́wọ́ láìsí àwìn. Ọdún 1862 ni òfin tó dé tí ó fún ẹni tí ó bá gbé orí ilẹ̀ fún ọdún márùn-ún tí ó sì ro ó ní 160 éékà, láìgba ju owó ìwé díẹ̀ lọ.

Ohun kan tún kù tí àwa tí a ti gbé lábẹ́ Faransé lè fẹ́ mọ̀. Bí ẹ bá wo àwòrán àyíká Detroit tàbí Vincennes dáadáa, ẹ ó rí àwọn oko tẹ́ẹ́rẹ́ tí orí wọn wà létí odò, tí ara wọn sì na wọ inú igbó lọ. Àwọn Faransé ni wọ́n pín wọn bẹ́ẹ̀ kí Amẹ́ríkà tó dé, kí olúkúlùkù lè ní etí omi tirẹ̀, àwọn awọnlẹ̀ Amẹ́ríkà sì ní láti fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ti bá wọn.

Lẹ́tà láti Sábẹ̀ẹ́

«Olóòtú, mo kí yín. Àwọn tí ẹ ń sọ pé wọ́n ń pín igbó fún ara wọn yìí, ta ni ó ni igbó náà kí wọ́n tó dé? Ṣé igbó kan wà tí kò ní olówó ni?»

Kò sí, ọ̀rẹ́ wa, mo sì dúpẹ́ pé ẹ béèrè, nítorí pé gbogbo ohun tí a ti sọ lókè dúró lórí ìbéèrè yìí. Àwọn Shawnee, ẹ̀yà kan nínú àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, ń ṣọdẹ ní Kentucky, wọ́n sì ní ìlú ní àríwá odò Ohio, níbi tí àwọn Miami àti Delaware wà pẹ̀lú. Àwọn Cherokee wà ní gúúsù. Ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ kéde ní oṣù kẹwàá ọdún 1763 pé kí àwọn aláwọ̀ funfun má ṣe tẹ̀dó kọjá òkè Appalachia, ṣùgbọ́n ìkéde náà kò dá wọn dúró. Ní ọdún 1768, ní Fort Stanwix, àwọn Iroquois tí wọ́n ń gbé lókè réré ní ìhà New York ta ilẹ̀ tí ó dé Kentucky, láìjẹ́ pé àwọn Shawnee tí ń ṣọdẹ níbẹ̀ fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin ará Sábẹ̀ẹ́ mọ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹbí kan bá ta ilẹ̀ ẹbí mìíràn.

Ní oṣù kẹta ọdún 1775, Richard Henderson àti ẹgbẹ́ oníṣòwò rẹ̀ kó ẹrù lọ bá àwọn àgbà Cherokee ní Sycamore Shoals, wọ́n sì ra èyí tí ó pọ̀ jù nínú Kentucky lọ́wọ́ wọn. Ọ̀dọ́ olórí kan tí ń jẹ́ Dragging Canoe lòdì sí i gidigidi, ṣùgbọ́n àwọn àgbà fọwọ́ sí i. Boone ni Henderson rán láti la ọ̀nà. Ní ọdún 1778, Virginia sọ pé ìrajà náà kò múlẹ̀, nítorí pé ẹnì kan kò lè dá ra ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ lẹ́yìn ìjọba. Wọ́n fún Henderson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 200,000 éékà láti fi tù wọ́n nínú. Wọn kò dá ilẹ̀ náà padà fún àwọn Cherokee. Ohun tí wọ́n fi gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó rà á kò kan ẹni tí ó tà á, mo sì ka èyí sí ìwà ìrẹ́jẹ tí òfin wọ̀ láṣọ.

Ní àríwá odò Ohio, ogun ni ó parí rẹ̀. Àwọn onílẹ̀ ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lọ́nà tí ó burú ní ọdún 1791, ṣùgbọ́n a ṣẹ́gun wọn ní Fallen Timbers ní ọdún 1794, wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn Greenville ní oṣù kẹjọ ọdún 1795. Wọ́n jọ̀wọ́ ibi tí ó pọ̀ jù nínú Ohio, wọ́n sì gba ẹrù 20,000 dọ́là àti ìlérí ẹrù 9,500 dọ́là lọ́dọọdún tí gbogbo àwọn ẹ̀yà náà yóò pín. Nígbà tó di ọdún 1823, adájọ́ àgbà John Marshall dájọ́ nínú ẹjọ́ Johnson àti M'Intosh pé àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti máa gbé orí ilẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n pé ìjọba nìkan ni wọ́n lè tà á fún. Ìdájọ́ náà ni ó wà ní ìsàlẹ̀ gbogbo ìwé ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Àwa náà ti rí irú ìlà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn ààlà wọn ní oṣù kẹjọ ọdún 1889, Kétu ṣì wà ní ahoro lẹ́yìn ogun Dàhọ̀mì ti ọdún 1886. Ìlà náà gbé Kétu sí apá kan, ó gbé Ìmẹ̀kọ sí apá kejì, kò sì sí ẹni tí ó bi Kétu léèrè.

Lẹ́tà mìíràn láti Àjàṣẹ́

«Ẹ kú làálàá o, olóòtú wa. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Bí awọnlẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà bá fi igun ilẹ̀ sí ibi tí kò yẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ń tún un ṣe? Ṣé a sì lè rí àwọn ìwé náà wò lónìí?»

Wọn kì í tún un ṣe. Òfin oṣù kejì ọdún 1805 ni ó pinnu rẹ̀: igun tí awọnlẹ̀ ìjọba bá ti fi òpó tàbí àmì sí ni igun, kódà bí ìwọ̀n tí ó kọ sínú ìwé kò bá a mu. Àmì tó wà lórí ilẹ̀ borí nọ́ńbà tó wà lórí bébà, nítorí pé orí àmì náà ni àwọn ènìyàn gbára lé nígbà tí wọ́n ń ra ilẹ̀, tí wọ́n ń kọ́ ilé, tí wọ́n sì ń sọgbà. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí ọ̀nà kan tí ó gún tààrà fún ọ̀pọ̀ máìlì, tí ó wá yà díẹ̀ lójijì kí ó tó máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Lára irú ibi tí ọ̀nà ti yà bẹ́ẹ̀, àwọn kan jẹ́ àṣìṣe ẹ̀wọ̀n, àwọn mìíràn sì jẹ́ nítorí pé ayé rí roboto: àwọn ìlà tí ó lọ sí àríwá ń súnmọ́ ara wọn, àwọn awọnlẹ̀ sì ní láti tún ìwọ̀n bẹ̀rẹ̀ láti ibi kan dé ibi kan.

Ní ti àwọn ìwé, ẹ lè rí wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń jẹ́ Bureau of Land Management ti gbé àwòrán ìwé ilẹ̀ tó ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú àwọn àwòrán ìlà tí awọnlẹ̀ yà àti àkọsílẹ̀ tí wọ́n kọ nínú igbó. Kentucky kò sí níbẹ̀, nítorí pé ìjọba àpapọ̀ kọ́ ni ó pín in. Ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ Kentucky fúnra rẹ̀ ni ó ń tọ́jú tirẹ̀, ti Virginia àtijọ́ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ wá orúkọ Boone.